Ẹ Kọ́kọ́ Gẹ Irun Mi Tán

Ẹ̀yin tí ẹ rí mi ní Ọjà'ba lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, tí mo wọ fìlà mọ́lẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú, tí ẹ wá ń sọ láàárín ara yín pé olówó èlé ló ń lé mi kiri, mo ti dárí jì yín. Gbèsè kọ́, irun ni. Apá ọ̀tún orí mi dán bí ẹ̀yìn igbá, apá òsì rẹ̀ sì rí bí oko tí olóko rẹ̀ ti rìnrìn àjò. Nẹ́pà kọ́ ló fà á, kílípà ò sì bàjẹ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Stockton ló fà á, ọmọ Amẹ́ríkà tí kò mọ̀ bóyá orúkọ àdúgbò ni Ìdí Arère àbí orúkọ ọbẹ̀.

Ìdí igi arère ni àdúgbò náà ti gba orúkọ. Igi arère rọ̀, kì í yọ alápákó lẹ́nu láti là. Ìjà Ìdí Arère ni kò ṣeé là. Kí a tó bí mi ni wọ́n ti ń jiyàn níbẹ̀ pé ta ló jagun jù, ṣé Ìbíkúnlé ni àbí Ògúnmọ́lá. Nígbà tí ìyẹn rẹ̀ wọ́n, wọ́n bọ́ sórí Shooting Stars: ṣé ti ọdún 1976 tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ló dára jù, àbí ti 1992 tó gba òmíràn? Ọ̀kankan nínú àríyànjiyàn wọ̀nyí kò tí ì parí. Wọ́n kàn kó wọn pa mọ́ bí aṣọ òkè ni, tí ọjọ́ bá pé, wọn á tún kó wọn jáde.

Sátidé yìí, mo wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mi ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọdékùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀, gbọn aṣọ, ó so ó mọ́ mi lọ́rùn. Ó nu kílípà, ó fi lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ geere. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àtàrí ni ọlọ́kadà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbójú sókè kúrò nínú fóònù rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n tún ti to àwọn pọ́íǹtì gáàdì o. Ìkejì ni wọ́n fi Curry sí."

Kílípà dúró. "Ìkejì sí ta ni?"

"Sí Magic Johnson."

"Stockton ńkọ́?"

"Ìkarùn-ún."

Ọ̀gá mi kígbe bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti ta ilé bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, orí mi kì í ṣe orí mọ́, ó ti di àwòrán ayé. Bí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀ nípa Los Angeles, yóò fi kílípà tọ́ka sí etí mi ọ̀tún. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ Utah, etí òsì ni.

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí à ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, èèyàn márùn-ún ló ń ṣeré fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ga bí òpó iná á dúró sábẹ́ agbọ̀n. Pọ́íǹtì gáàdì ló ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn, òun ló ń wo ọ̀tún wo òsì, òun ló ń mọ ẹni tí bọ́ọ̀lù kàn àti ìgbà tó kàn án. Bí ó bá gbé e fún ọ, tí o gbà á tí o sì jù ú sáwọ̀n, wọ́n á kọ assist kan sílẹ̀ fún un. Ìwọ lo ni ariwo, òun ló ni àkọsílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wo Múdà Lawal láàárín pápá nígbà ayé rẹ̀, ẹ ti mọ irú èèyàn tí mò ń wí.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ṣọ́ọ̀bù fi pín sí mẹ́ta.

Tíṣà ló ṣíwájú ẹgbẹ́ Magic. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò wá gẹ irun, kò ní irun tí wọ́n ń gẹ. Ọmọ iṣẹ́ ti gbé àpótí kan sábẹ́ rẹ̀ kó tó wo ẹ̀yìn pé kò síbi tí òun máa jókòó. "Ife-ẹ̀yẹ márùn-ún!" Tíṣà nawọ́, ó ń tẹ ìka lọ́kọ̀ọ̀kan: "1980, 1982, 1985, 1987, 1988. Ọkùnrin tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 206, tó sì ń ṣe pọ́íǹtì gáàdì! Lọ́dún 1980 tí Kareem Abdul-Jabbar fẹsẹ̀ pa, ọmọ ogún ọdún ni Magic, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ni. Ó bọ́ sípò Kareem, ó gba àmì 42 lọ́jọ́ tí wọ́n gba ife!"

Ọlọ́kadà ló ni ẹgbẹ́ Curry. "Tíṣà, ẹ má bínú, ìtàn lẹ̀ ń pa. Curry ló yí eré yẹn padà. Ife mẹ́rin. Lọ́dún 2016, gbogbo àwọn tó ń dìbò ẹni tó ta yọ jù ló mú un, kò sẹ́ni tó yà sọ́tọ̀, irú ẹ̀ ò sì ṣẹlẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù òkèèrè tó ń gba àmì mẹ́ta, ó ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ!" Bátìrì fóònù rẹ̀ ń kú lọ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ na okùn tí wọ́n fi ń gba iná sí i, ó gbà á láìwojú rẹ̀.

Ọ̀gá onígbàjámọ̀ nìkan ló ni ẹgbẹ́ Stockton, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni kílípà wà. "Assist 15,806! Ó já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ọ̀tá nígbà 3,265! Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe é ní Utah Jazz, kò lọ síbòmíràn. Ìdíje 22 péré ni kò sí níbẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn. Iṣẹ́! Iṣẹ́ ni mò ń sọ! Ẹni tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀!"

Ìlàjì orí mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìlàjì kejì ń gbóná lábẹ́ irun.

"Ife mélòó ni Stockton gbà?" Tíṣà ló béèrè, pẹ̀lú ohùn ẹni tó mọ̀.

Ọ̀gá gbẹnu dúró. Ọmọ iṣẹ́ na omi inú ọ̀rá sí i, ó fà á mu tán kó tó dáhùn. "Ṣé ife ni wọ́n ń jẹ ni?"

Ohun tí mo wá rí láti orí àga náà rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìrẹsì ní Ọjà'ba mọ kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Tí ẹ bá wò ó láti òkè, ó kún dẹ́dẹ́. Ẹ délé, ẹ dà á sínú ìkòkò, ó di ìdajì. Àwọn mẹ́ta yìí, kóńgò ni oníkálukú gbé wá, oníkálukú ló sì ti tẹ ìdí tirẹ̀.

Ife-ẹ̀yẹ ni kóńgò Tíṣà. Ó dára. Mo ní, "Tíṣà, Derek Fisher náà gba ife márùn-ún ní Lakers tí Magic wà yẹn kan náà, pọ́íǹtì gáàdì sì ni. Ṣé òun àti Magic dọ́gba?" Tíṣà wò mí bí ẹni pé mo yìnbọn nínú mọ́sáláṣí. "Ìyẹn yàtọ̀," ó ní. Bí ìyẹn ṣe yàtọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Kóńgò ọ̀gá ni iye. Wọ́n sọ fún un pé bí a bá pín in sí ìdíje kọ̀ọ̀kan, assist 11.2 ni ti Magic, 10.5 ni ti Stockton. Ó ní pínpín kì í ṣe ìṣirò. Kóńgò ọlọ́kadà ni ẹni tó yí eré padà. Tíṣà bi í pé ṣé pọ́íǹtì gáàdì tiẹ̀ ni Curry, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Draymond Green ló máa ń gbé bọ́ọ̀lù kiri nígbà tí Curry bá ń sá ká inú pápá bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ọlọ́kadà dìde. Wọ́n mú un jókòó.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Ìyá alámàlà fi wọlé wá gba abọ́ tó fi gbé oúnjẹ ọ̀gá wá láàárọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ti fọ̀ ọ́, ó gbé e fún un. Ìyá dúró díẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí ẹ tìtorí rẹ̀ ń pariwo yìí, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń pín bọ́ọ̀lù ni, Ìyá," ọ̀gá ló dáhùn.

"Fún àwọn ẹlòmíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ẹ wá ń ka iye tí òun alára jẹ?"

Kò sẹ́ni tó fọhùn.

"Bí mo bá ń bu àmàlà fún yín, ṣé ikùn tèmi lẹ ó máa wò kí ẹ tó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n bù?" Ó yí padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí. "Owó ẹran méjì ṣì wà lọ́rùn yín o, ọ̀gá." Ó lọ.

Ẹ má sì rò pé àwọn ará Ìdí Arère nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dàrú mọ́ lójú. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gba owó oṣù nítorí pé kí wọ́n lè to àwọn agbábọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1984, Houston ló kọ́kọ́ yan èèyàn, ọmọ tiwa láti Èkó, Hakeem Olajuwon, ni wọ́n sì mú. Wọn ò kábàámọ̀: ó gba ife fún wọn ní 1994, ó tún gbà á ní 1995. Michael Jordan ṣe ìkẹta. Stockton ńkọ́? Ìkẹrìndínlógún. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n pè kí wọ́n tó rántí ẹni tí ọ̀gá mi tìtorí rẹ̀ fi orí mi sílẹ̀. Lọ́dún 2009, Minnesota ló ni ipò karùn-ún àti ìkẹfà. Pọ́íǹtì gáàdì ni wọ́n ń wá, wọ́n sì mú méjì léraléra, Ricky Rubio àti Jonny Flynn. Golden State mú Curry ní ipò keje. Ó dà bí ẹni tó wọ Ọjà'ba lọ ra iṣu lẹ́ẹ̀mejì, tó sì tẹsẹ̀ kọjá lára èyí tó dára jù lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí pé orí mi kò níbi tó ń lọ, mo fi í ronú. Mo bi ara mi pé, ìlú wo là ń gbé gan-an? Ṣé kì í ṣe ìlú tó ti borí irú wàhálà yìí látayébáyé ni? Níbòmíràn, bí ọba bá wàjà, ìdílé á dojú kọ ìdílé, ọ̀rọ̀ á dé kọ́ọ̀tù, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí ọba wàjà á lọ iléèwé gíga kí wọ́n tó rí òmíràn fi jẹ. Ìbàdàn kọ́, àkàbà ni tiwa. Ìlà méjì ló wà: ìlà Ọ̀tún ti àwọn àgbà ìlú, àti ìlà Balógun ti àwọn jagunjagun. O bẹ̀rẹ̀ láti Jagun nísàlẹ̀, ipò tó lé ní ogún ló wà níwájú rẹ. Ẹni iwájú kúrò, o sún sókè. Bí ìlà Ọ̀tún bá jẹ Olúbàdàn lónìí, ìlà Balógun ni yóò jẹ lọ́la.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ fún mi ní bíírò. Bíírò àti páálí ló kó wá. Mo fa ìlà méjì sí i, mo ní kí wọ́n wá wò.

"Àwọn tó ń pín bọ́ọ̀lù, ìlà Ọ̀tún nìyẹn: Stockton, Jason Kidd, Steve Nash, Chris Paul. Àwọn tó ń yìnbọn fúnra wọn, ìlà Balógun: Oscar Robertson, Isiah Thomas, Russell Westbrook, Curry. Ẹ má jà. Wọn á máa jẹ ẹ́ ní kàn-ǹ-kàn."

"Magic ńkọ́?"

"Ìlà Ọ̀tún."

"Ẹni tó gba àmì 42?"

"Tíṣà, Ọba Lékan Balógun ńkọ́? Balógun ni orúkọ wọn, ìlà Ọ̀tún ni wọ́n gbà dórí ìtẹ́. Ọba Saliu Adétúnjí tó ṣáájú wọn ló wá láti ìlà Balógun. Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn tó tẹ̀ lé wọn, Balógun ni. Ọba Rashidi Ládọjà tó gorí oyè lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Ọ̀tún ni. Ṣé ẹ gbọ́ pé ẹnì kan béèrè àmì?"

Ọlọ́kadà ti rí ibi tí mo kọ orúkọ ẹni tirẹ̀ sí. "Ìsàlẹ̀ pátápátá? Curry ni Jagun? Lẹ́yìn ife mẹ́rin?"

Mo ní, "Ọba Ládọjà ti ṣe gómìnà gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rí, wọ́n sì tò. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi gun àkàbà. Ife mẹ́rin Curry kò tó Agodi."

Ó fara mọ́ ọn díẹ̀. Ọ̀gá nu òógùn ojú pẹ̀lú aṣọ ìnura tí ọmọ iṣẹ́ nà sí i, ó ń wo páálí. "Ta wá ni yóò kọ́kọ́ jẹ?"

"Àgbà ni. Bob Cousy ti Boston Celtics, tí wọ́n bí lọ́dún 1928."

"Ta ń jẹ́ Cousy?"

Ẹ wò ó bí àwọn baba wa ṣe gbọ́n tó, tí wọ́n ní ẹni tó mọ Ìbàdàn kò mọ Láyípo. Ọdún mẹ́jọ gbáko, láti 1953 sí 1960, kò sí ẹni tó pín bọ́ọ̀lù tó Cousy nínú NBA. Ife mẹ́fà ló gbà, ó fi ọ̀kan ju Magic lọ nínú kóńgò Tíṣà alára. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ti ń jà láti aago mẹ́wàá kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Tíṣà ní ayé ìgbà náà yàtọ̀. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Alájì tó ń lẹ táyà ní ìdojúkọ wa nawọ́ láti ìta. "Ẹ kúkú fún gbogbo wọn ládé, kí ẹ simi!"

Alájì gbàgbé ni. Ìbàdàn ti dán ìyẹn náà wò. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, olóògbé Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi fi èèyàn 21 jọba lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tí adé yẹ kó parí, ilé ẹjọ́ ló gbé e lọ. Olóyè Ládọjà ìgbà náà kọ̀, wọn ò bá wọn dé e. Bí gbogbo èèyàn bá jẹ́ àkọ́kọ́, kí ni onígbàjámọ̀ fẹ́ máa fi Sátidé rẹ̀ ṣe? Irun ni yóò máa gẹ̀ ni?

Oòrùn ti mú lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Ọmọ iṣẹ́ na agboòrùn sí ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin náà sì fi àyè yẹn yọjú wọlé.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ kọ Ezinne Kalu sí?"

Wọ́n wo ara wọn. "Ta nìyẹn?"

"Gáàdì D'Tigress ni. Ní Olympics Paris 2024, a na Australia 75 sí 62, ó gba àmì 19. A na Canada 79 sí 70, ó gba 21. Kò sí ikọ̀ Áfíríkà kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó tíì dé ìpele ẹlẹ́ni-mẹ́jọ nínú básíkẹ́ẹ̀tì Olympics ṣáájú wọn. Amẹ́ríkà ló tó dá wọn dúró, 88 sí 74. Ife Áfíríkà ti 2017, 2019, 2021, 2023, 2025, àwọn D'Tigress yìí ló kó gbogbo rẹ̀."

"Ìyẹn ti obìnrin ni," ọlọ́kadà ní.

"Ṣé agbọ̀n mọ̀ pé obìnrin ló ju bọ́ọ̀lù ni? Gíga kan náà ni wọ́n gbé e kọ́."

Ọlọ́kadà wá ibi sá sí. "Àwa ọkùnrin náà na Amẹ́ríkà! Ní Las Vegas, oṣù Keje 2021, 90 sí 87! Damian Lillard wà nínú wọn!"

"Ẹ kú iṣẹ́. Ta ló gbé bọ́ọ̀lù fún wa lọ́jọ́ náà?"

Ọlọ́kadà wo àjà. Tíṣà wo àjà. Ọ̀gá wo orí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti wákàtí kan, bóyá ìdáhùn wà níbẹ̀.

Èmi náà wá béèrè èyí tó ti ń yún mi lọ́fun. "Ta ló ti jókòó wo Stockton láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje kan dé òpin rẹ̀ rí?" Aago méjì òru, aago mẹ́ta òru, ìgbà yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù yìí lọ́hùn-ún lójú aago tiwa, Ìdí Arère sì ti sùn. Lọ́dún 2003 tí Stockton fẹ̀yìn tì, ọ̀gá mi ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé. Ó ní òun ti wo èyí tí wọ́n ṣà jọ. Mélòó? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọdún mọ́kàndínlógún nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kóńgò náà kún dẹ́dẹ́.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kílípà padà sí apá òsì orí mi ni jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú. Fáànù rọra dúró. Kílípà dákẹ́ sórí mi bí eṣinṣin tó sùn. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, oníkálukú ń wo ẹnìkejì bóyá òun ló máa dìde. Kò sẹ́ni tó dìde. A kàn gbọ́ tí wọ́n fa okùn níta lẹ́ẹ̀mejì, iná dé. Ọmọ iṣẹ́ wọlé, òórùn epo bẹntiróòlù wà lára rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lọ ra epo kí epo tó tán.

"Mo ti rántí!" ọ̀gá lọgun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Pópóyemọjà tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún iléèwé rẹ̀, òun ni yóò wá là á. Ó ju kílípà sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà ọlọ́kadà, àwọn méjèèjì lọ. Tíṣà ń pariwo tẹ̀ lé wọn pé kí wọ́n má mú ẹlẹ́rìí èké wá o.

Mo dúró títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Mo dìde, mo tú aṣọ lọ́rùn, mo wo dígí, mo rí àkàbà Olúbàdàn lórí ara mi, ìlà Ọ̀tún gẹ̀, ìlà Balógun kún. Kí n tó yíjú láti wá fìlà mi, ó ti wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, ó ti gbọn irun ara rẹ̀ dànù.

Mo ti ń kà á fún un láti ìgbà tí mo ti wọlé: aṣọ, kílípà, àpótí, okùn fóònù, omi, abọ́, bíírò, aṣọ ìnura, agboòrùn, epo. Fìlà ni ìkọkànlá. Ó ku 15,795 kó bá Stockton.